Ọjọ́ Orí Táyà

Ọkọ̀ kan wà ní ẹgbẹ́ wa tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìgbín, nítorí pé ó ń gbé ilé rẹ̀ kiri. Peugeot J5 ni, ti ọdún 1989, irú èyí tí àwọn Faransé ń pè ní camping-car: ibùsùn méjì, tábìlì kan, àpótí omi, ibi ìdáná kékeré, gbogbo rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin. Àwọn ọ̀rẹ́ wa kan ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n fi ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ ní ọdún 2012. Lọ́hùn-ún, ìsinmi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fi ń lò ó. Lọ́dọ̀ tiwa, ó di ilé ìkàwé tí ń rìn. Ìwé Yorùbá àti ìwé Faransé ló máa ń kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí a fi ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, àti, nígbà mìíràn, àwọn ère gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí a bá fẹ́ fi han àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Láti Àjàṣẹ́ ni ó ti ń lọ sí Sàkétẹ́, Pọ́bẹ̀ àti Kétu. Ó ti dé Ìdáàṣà àti Sábẹ̀ẹ́. Ó sì ti ré ibodè kọjá dé Atakpamé lẹ́ẹ̀kan, láti kí àwọn ará wa Ifẹ̀. Ibi tí ó bá sùn ni àwa náà ń sùn: bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n ìrìn Ìgbín kò pọ̀. Kò tó ìgbà mẹ́wàá tí ó ń jáde lọ́dún. Ní ọjọ́ yòókù, abẹ́ igi máńgòrò ni ó máa ń wà, lójú kan náà. A mọ̀ pé ọkọ̀ ìjọ, ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti ọkọ̀ ẹgbẹ́ eléré pọ̀ ní àwọn ìlú wa tí wọ́n ń gbé irú ayé yìí, ọkọ̀ tí ń sinmi ju bí ó ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Nítorí àwọn tó ń gun irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ ohun tí ẹ ń kà yìí.

Nígbà tí ọyẹ́ ọdún 2024 bẹ̀rẹ̀, a ń múra ìrìn àjò Sábẹ̀ẹ́, tí ó tó nǹkan bí 250 kìlómítà sí Cotonou. Awakọ̀ wa, ẹni tí ó ti wa ọkọ̀ akérò fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀nà Parakou kí ó tó wá sọ́dọ̀ wa, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi èékánná fa ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì pè wá. Ó ti sán wẹ́wẹ́ bí ẹrẹ̀ etí odò tí oòrùn ti gbẹ. Táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yòókù náà sán, ti ìrọ́pò tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ náà di ti ìpàdé ìgbìmọ̀. Ẹnì kan wọn jíjìn ilà ojú táyà: mìlímítà 5 ni ó kù, bẹ́ẹ̀ sì ni mìlímítà 1,6 ni òfin àwọn ará Yúróòpù kà sí òpin. Ìyá Akápò, tí wọ́n ń ta aṣọ ní ọjà Ouando, tí owó kò sì í jáde lọ́wọ́ wọn láìnídìí, bi wá léèrè ìdí tí a ó fi pààrọ̀ ohun tí kò tíì pá. Wọn kò jẹ̀bi. Owó tí ó wà nínú àpò ẹgbẹ́ nígbà náà, a ti yà á sọ́tọ̀ fún títẹ apá kejì ìwé alífábẹ́ẹ̀tì tí àwọn olùkọ́ ní Kétu ti ń retí láti ọdún tó kọjá. Iye táyà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye ìwé.

A ní kí gbogbo ìgbìmọ̀ jáde síta, kí wọ́n wá wo ọkọ̀ fúnra wọn. Ara táyà kọ̀ọ̀kan ni ìwé ìbí rẹ̀ wà. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí. Ní ìparí ọ̀wọ́ lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Ti Ìgbín kà báyìí: 4812, èyí ni pé ní ọ̀sẹ̀ 48 ọdún 2012 ni wọ́n ṣe é. Táyà tí nọ́ńbà rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́ta péré, kí ọdún 2000 tó dé ni wọ́n ti ṣe é, kò sì yẹ kí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ kankan tí ń gbé ènìyàn. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà ń kọ nọ́ńbà yìí sí, ó sì lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sínú. Ẹni tó kéré jù nínú wa ni a rán wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ pẹ̀lú iná kí a tó rí ti méjì nínú wọn kà.

Rọ́bà kì í ṣe òkúta. Atẹ́gùn ń jẹ ẹ́, oòrùn ń jẹ ẹ́, gáàsì tí wọ́n ń pè ní ozone ń là á, ooru sì ń mú kí gbogbo rẹ̀ yára. Àwọn tí ń ṣe táyà mọ èyí, wọ́n a sì po irú ìda kan mọ́ rọ́bà láti dáàbò bò ó. Ìda yìí a máa sun jáde wá sí ara táyà nígbà tí táyà bá ń yí, tí ó ń tẹ̀ tí ó sì ń nà. Táyà tí kò yí, ìda rẹ̀ kì í jáde tó. Ìdí nìyí tí ti táàsì fi ń pá kí ó tó gbó, tí ti camping-car sì ń gbó kí ó tó pá. Ojú gbogbo ayé ni pípá. Gbígbó ní tirẹ̀ a máa fara pamọ́ sínú, níbi tí àwọn okùn àti irin tín-ín-rín inú táyà ti ń jáwọ́ lára rọ́bà díẹ̀díẹ̀, títí di ọjọ́ tí ooru ọ̀sán, ẹrù àti eré yóò pàdé lórí títì. Táyà ọjọ́ náà kì í jò. Bíbẹ́ ni ó máa ń bẹ́.

Ilé iṣẹ́ Michelin, tí ó ti wà ní Clermont-Ferrand láti ọdún 1889, gbani nímọ̀ràn pé bí táyà bá ti lo ọdún 5 lábẹ́ ọkọ̀, kí onímọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Bí ó bá sì ti pé ọdún 10 láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, kí a pààrọ̀ rẹ̀, ì báà dà bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Ọdún 12 ni tiwa, oòrùn Àjàṣẹ́ kò sì jọ ti Clermont-Ferrand. Ìyá Akápò gbọ́ èyí, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n sì bèèrè ohun kan ṣoṣo: “Ọmọ ta ni yóò jókòó sínú rẹ̀?” Kò sí ẹni tó dáhùn. Wọ́n fọwọ́ sí i.

Ìrìn àjò kò lè dúró pátápátá, nítorí pé àgbà tí a fẹ́ gba ohùn wọn sílẹ̀ ní Sábẹ̀ẹ́ ti dàgbà gan-an. Ẹni méjì nínú wa wọ taxi-brousse pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ń retí àwọn ìwé kò rí wọn lọ́dún náà.

Kí a tó lọ sí ọjà, a fẹ́ mọ ohun tí a ń lọ rà. Ohun tí a kọ sí ara táyà Ìgbín ni 185 R 14 C 102/100. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 185. R túmọ̀ sí radial, ìyẹn ọ̀nà títo okùn inú táyà tí Michelin gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ọdún 1946. 14 ni ìwọ̀n irin tí táyà wọ̀, tí à ń pè ní jante. Lẹ́tà C kékeré yẹn ni ẹ má ṣe fojú fò dá, nítorí òun ni ó fi hàn pé ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n ṣe táyà náà fún, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì le ju ti ọkọ̀ ilé lọ. Táyà ọkọ̀ ilé tí ó bá jante 14 mu pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ sì kéré. Yóò wọlé rẹ́gí, yóò sì dára lójú, ṣùgbọ́n kò lè ru ilé. Ní ti 102, kì í ṣe kílò o. Àmì ni, tí ó dúró fún kílò 850 fún táyà kan nígbà tí ó bá dá wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀; 100 dúró fún kílò 800, fún ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ jẹ́ méjì-méjì lẹ́yìn. Lẹ́tà kan tún ń tẹ̀ lé e tí ó ń sọ eré tí táyà lè sá. Ìyẹn kò kan Ìgbín. Orúkọ rẹ̀ ti sọ fún yín.

Ó wá ku ká mọ ohun tí ọkọ̀ náà wọ̀n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe èyí, ó sì yà wá lẹ́nu, nítorí kò sí ẹni tí ń ra bàtà fún ọmọ láìmọ ẹsẹ̀ rẹ̀. A di ẹrù Ìgbín ní kíkún, a bu omi kún àpótí rẹ̀, àwọn tí yóò lọ jókòó sí ààyè wọn, a sì wà á lọ sórí pont-bascule tí wọ́n fi ń wọn ọkọ̀ àjàgbé tí ń kó òwú. Ẹsẹ̀ iwájú kọ́kọ́ gùn ún: kílò 1.380. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan: kílò 1.720. Táyà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ru 850, kílò 1.700 ni wọ́n lè rù pọ̀. Ẹrù ti fi kílò 20 ju agbára ẹsẹ̀ lọ kí ọkọ̀ tó bọ́ sínú kòtò àkọ́kọ́.

Àwọn kan nínú wa fẹ́ ká wá táyà tí ó lágbára jù. Awakọ̀ wa sọ pé kí a kọ́kọ́ wo ẹrù. Àpótí omi, tí ó gba lítà 100, ẹ̀yìn pátápátá ni ó wà, níwájú ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Lítà omi kan, kílò kan ni. Ohun tí ó bá sì wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn a máa tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ, a sì máa gbé iwájú sókè, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé tó jókòó sí ìpẹ̀kun pákó jangirọ́fà. Omi kò sì wọ́n ní Sábẹ̀ẹ́. A tú omi náà dà, a gbé àpótí ìwé méjì wá sẹ́yìn àga awakọ̀, a tún un wọ̀n: 1.440 níwájú, 1.560 lẹ́yìn. A tún fi ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo gun ìwọ̀n, nítorí pé ibi ìdáná àti ẹ̀rọ amúnáwá wà ní ọ̀tún: táyà ẹ̀yìn ọ̀tún gbé 810, ti òsì gbé 750. Táyà 102 tó, pẹ̀lú àlàfo díẹ̀. Owó tí ìwọ̀n náà gbà lọ́wọ́ wa kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán wa lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ní camping-car tí kò pẹ́ tó tiwa lè rí lẹ́tà CP dípò C. Táyà ọkọ̀ onílé gan-an ni ìyẹn, tí wọ́n fún ní ẹ̀gbẹ́ líle sí i, nítorí pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ láé, ó sì lè dúró lójú kan fún oṣù púpọ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ rà á. Ní ìwọ̀n ti Ìgbín, a kò rí i rà.

Ní Cotonou, òkè táyà ni yóò kọ́kọ́ kí yín kí ẹ tó rí ẹni tó ni wọ́n. Tòkunbọ̀ ni àwọn ará Nàìjíríà ń pè é. Lọ́dọ̀ tiwa, venu de France ni orúkọ rẹ̀, ì báà jẹ́ pé Jámánì ni ó ti wá. Bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ tẹ̀ lé wa lọ, nítorí wọ́n gbà pé owó ni a fẹ́ fi ṣòfò. “Gbogbo ọkọ̀ tí ó gbé yín dé ilé ìwé,” ni wọ́n wí, “kí ni ó wọ̀ sẹ́sẹ̀?” Òótọ́ ni. Àwa náà kò sì bá tòkunbọ̀ jà. Èyí tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, tí wọ́n tọ́jú sí ibòji, sàn ju táyà “tuntun” tí ó ti lo ọdún mẹ́jọ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà, Bàbá ń ka, àwa ń kọ.

Táyà 12 tí ó bá ìwọ̀n wa mu ni a yẹ̀ wò. Èyí tí ó kéré jù lọ́jọ́ orí, ọdún 2016. Gbogbo wọn ń dán, nítorí wọ́n ti fi ohun dúdú pa wọ́n lára, bí arúgbó tí ó pa irun rẹ̀ láró kí ó tó lọ fẹ́ ìyàwó. Wọ́n ti fi abẹ gbígbóná gbẹ́ ilà ọ̀kan jìn sí i, ìsàlẹ̀ ilà náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan okùn. Àwọn táyà ọkọ̀ àjàgbé kan wà tí a ṣe láti gbẹ́, a sì ń kọ REGROOVABLE sí wọn lára, ṣùgbọ́n eléyìí kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀. A na ọwọ́ sínú òmíràn, a sì bá àlẹ̀mọ́ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí a kì í lẹ̀. Ojú wọn jìn lóòótọ́, mìlímítà 6, mìlímítà 7. Ìyẹn gan-an ni ó yẹ kó kọni lóminú. Ẹni tó ni ín lọ́hùn-ún yọ ọ́ nítorí ọjọ́ orí. Àwa fẹ́ rà á nítorí ojú rẹ̀.

Bàbá gbé ìwé wọn pa mọ́. “Ẹ jẹ́ ká lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta tuntun,” ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, táyà tuntun tí wọ́n gbé wá, 1018 ni nọ́ńbà rẹ̀. Nígbà tí a ní kí wọ́n wá èyí tí kò pẹ́, oníṣọ́ọ̀bù bi wá bóyá búrẹ́dì ni a wá rà. A kí i, a sì jáde. Ní èkejì, wọ́n gbé 2224 wá láti inú ilé, márùn-ún tí nọ́ńbà wọn bára mu, C wà lára wọn, 102 wà lára wọn. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe wọ́n. Ẹnì kan fajú ro. Àwa kò rí ìdí rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ohun tí a kọ sí ara táyà bá pé.

Márùn-ún ni a rà, kì í ṣe mẹ́rin, nítorí pé táyà ìrọ́pò náà jẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ àwọn tí a yọ. Àwọn kan ti dábàá pé ká ra méjì péré fún iwájú, torí pé ẹsẹ̀ iwájú ni ẹ́ńjìnnì J5 ń fà. Àbá tí a ń gbọ́ níbi gbogbo nìyí, àwa kò sì fara mọ́ ọn. Bí táyà iwájú bá yọ̀, awakọ̀ mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, ó sì lè dẹ eré. Bí ti ẹ̀yìn bá yọ̀ tàbí tí ó bẹ́, ìdí ọkọ̀ ni yóò gba iwájú lọ, ilé gíga bẹ́ẹ̀ kò sì ṣe é dá padà. Bí owó ẹnikẹ́ni kò bá ká ju méjì lọ, ẹ̀yìn ni kí ó fi wọ́n sí. Owó tiwa ká márùn-ún, nítorí pé ìwé alífábẹ́ẹ̀tì sún síwájú. A kọ lẹ́tà sí àwọn olùkọ́ ní Kétu láti ṣàlàyé. Ọ̀kan nínú wọn fèsì pé òun gbọ́, ṣùgbọ́n pé àwọn ọmọ kíláàsì òun kò lè ka táyà.

Ẹni tó bá wa gbé táyà wọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin vulcanisateur kan, mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó yọ valve àtijọ́ dànù, ó fi tuntun sí i, nítorí rọ́bà ni òun náà. Ó fi ìfọ́nrín fọ ìpẹtà ara jante. Ó bèèrè bóyá ká fi chambre à air sínú; a ní rárá, nítorí táyà tí kò nílò rẹ̀ ni wọ́n, èyí tí a bá sì kì bọ inú rẹ̀ a máa fi ooru kún ooru. Ibi atẹ́gùn nìkan ni ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Ó fẹ́ fi igi lu táyà kí ó fi etí mọ̀ ọ́n. Awakọ̀ wa mú ohun ìwọ̀n tirẹ̀ jáde: bar 4 níwájú, bar 4,5 lẹ́yìn, ní òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn. Lójú ọ̀nà, nọ́ńbà náà yóò gòkè bí táyà bá ti gbóná, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú atẹ́gùn dànù nítorí ìyẹn. Àìtó atẹ́gùn ló ń pa táyà jù: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a máa tẹ̀ kọjá ààlà, a máa gbóná, a sì ya.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkùnrin kan tí ń wa taxi-brousse wá bá wa. Ó ti gbọ́ pé táyà márùn-ún wà nílẹ̀ tí ojú wọn kò pá. Ó fẹ́ rà wọ́n, ó sì mú owó dání. A fi ara wọn tí ó sán hàn án, a ka ọdún fún un. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó mú wa lọ síbi tí ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí lẹ́bàá títì, ó ní kí a wo tirẹ̀. A wò ó. Okùn ti hàn ní méjì nínú wọn, ẹnu ọ̀kan sì ń tú. “Ẹ̀gbọ́n mi,” ó wí fún awakọ̀ wa, “èwo ni ó sàn nínú méjèèjì?”

A kò ní èsì kan tí ó lè gbé oúnjẹ sílé rẹ̀. Táyà wa ì bá gbé e fún oṣù kan, bóyá mẹ́ta, pẹ̀lú ènìyàn mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ẹni nínú wa tí ó lè dárúkọ ọjọ́ tí yóò bẹ́. Awakọ̀ wa gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á, ó dá a padà fún un, ó sì júwe ṣọ́ọ̀bù kejì fún un, ó ní kí ó bèèrè méjì péré, kí ó fi wọ́n sẹ́yìn. A kò mọ̀ bóyá ó lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a fi ọ̀bẹ ya ẹ̀gbẹ́ táyà márààrún. Ẹni tí ń fi rọ́bà ṣe garawa kànga ní àdúgbò wa kó mẹ́ta. Méjì yòókù wà lábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí Ìgbín ti ń tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ ibòji, tí awakọ̀ wa sì ń yí i síwájú díẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kọ̀ọ̀kan.